Ilé Oko Láàrin Bíríkì Manchester



Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ilé ní Ìlú Ọba lónìí, oko ni wọ́n ń tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Wọ́n ń ta tábìlì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ họ lára kó lè dàbí èyí tó ti gbó. Wọ́n ń ta agbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò fi ru iṣu rí, àti garawa onírin tí kò tíì kan omi kànga. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè sọ yàrá ìdáná rẹ̀ di ti àgbẹ̀ láàrin ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo. Kò burú. Ojú ń fẹ́ ohun tó dára. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó ń bọ òrìṣà, oko kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Oko ni ewé ti ń wá, oko ni iṣu àti àgbàdo ti ń wá. Ìkòkò, igbá, ẹní àti odó tí wọ́n ń lò lóko náà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójúbọ.

Olórìṣà tó ń gbé ní Manchester, tó sì fẹ́ kí ilé rẹ̀ ní ìrísí oko, ní láti bi ara rẹ̀ léèrè kó tó náwó: oko ta ni? Ilé oko tí àwọn ìwé ọ̀ṣọ́ ilé ń gbé jáde ní igi ńlá tó gbé àjà dúró, ṣíǹkì funfun tó jìn, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń to àwo sí, àti sítóòfù onírin. Oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ilé oko Yorùbá yàtọ̀. Ahéré ni: ògiri amọ̀, òrùlé koríko tàbí ewé, àti ìta gbalasa níbi tí iṣẹ́ ti pọ̀ ju inú ilé lọ. Inú ahéré kò ní ohun púpọ̀. Ẹní wà níbẹ̀, àpótí wà, àmù omi wà ní kọ̀rọ̀, ọkọ́ àti àdá wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, àgbàdo sì wà lókè ààrò níbi tí èéfín ti ń lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tí wọ́n gbé síbẹ̀ nítorí àlejò.

Ilé tí ọ̀pọ̀ olórìṣà ń gbé ní Manchester kò jọ èyí rárá. Ilé bíríkì pupa ni, tí wọ́n kọ́ lẹ́sẹẹsẹ mọ́ ara wọn ní ayé Ọbabìnrin Victoria fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú. Yàrá méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, àgbàlá kékeré kan tí wọ́n fi òkúta tẹ́ lẹ́yìn, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀nà tóóró tí àwọn ará Manchester ń pè ní ginnel. Moss Side, Rusholme, Levenshulme, bákan náà ló rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró láàrin àgbàlá yẹn, tó gbé ojú sókè, á rí ohun kan tó yẹ kó mọ̀. Ògiri yí i ká, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ lókè, omi òjò ń ṣàn bọ̀ láti orí òrùlé. Akódì nìyẹn. Inú agbo ilé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òrùlé ṣe ń da omi sí àárín, tí àwọn ìyá ilé ń gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀ láti gbè é. Òjò kò wọ́n ní Manchester. Àgbá ńlá kan lábẹ́ páìpù òrùlé ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Omi yẹn dára fún ewé, ó sì sàn fún wọn ju omi ẹ̀rọ lọ. Kì í ṣe omi mímu o, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ wà lórí òrùlé.

Òrìṣà tó ni ọ̀rọ̀ yìí ni Òrìṣà Oko. Ìràwò, ní Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni orírun ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ló ń rọ ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n ń pè ní ọ̀pá Òrìṣà Oko, tí àwọn tó bá ní agbára sì máa ń ṣe ẹ̀wù ìlẹ̀kẹ̀ fún. Ìgbà iṣu tuntun ni wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀. Ní Cuba, àwọn olórìṣà kò gbàgbé rẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì tuntun, ìyẹn amọ̀ sísun tí wọ́n fi ń bo òrùlé, tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, pẹ̀lú akọ màlúù méjì tó ń fa ohun ìtúlẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ronú. Wọn kò rí ọ̀pá Ìràwò mọ́, wọ́n wá mú ohun tó wà lórí ilé àgbẹ̀ tó wà lójú wọn, wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ òrìṣà.

Àwọn tó kọ̀wé nípa Òrìṣà Oko láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti sọ pé kòkòrò oyin ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Wàyí o, ẹni tó bá rìn ní àárín ìlú Manchester, kòkòrò oyin ni yóò máa rí níbi gbogbo: lára agolo ìdọ̀tí, lára òpó ẹ̀gbẹ́ títì, lára ògiri. Ọdún 1842 ni wọ́n fún ìlú náà ní àmì àṣẹ rẹ̀, kòkòrò oyin méje sì wà lórí àwòrán ayé tó wà lókè àmì yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣí Town Hall ní 1877, wọ́n ti fi òkúta wẹ́wẹ́ ya kòkòrò oyin sí ilẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekára ló dúró fún lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn iṣẹ́ ilé òwú. Lẹ́yìn bọ́ǹbù tó pa ènìyàn 22 ní Manchester Arena ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ará ìlú fín àmì kòkòrò oyin sára láti fi hàn pé àwọn kò ní tú ká. Kò sí ẹni tó fi Òrìṣà Oko sọ́kàn nínú gbogbo èyí. Síbẹ̀, olórìṣà tó bá ń gbé ìlú tí ìránṣẹ́ òrìṣà àgbẹ̀ wà lára agolo ìdọ̀tí rẹ̀, tí kò sì rẹ́rìn-ín músẹ́, a jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ le.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín parí níbẹ̀, nítorí nǹkan kan wà nípa oyin tí ọ̀pọ̀ olórìṣà Ìlú Ọba kò tíì gbọ́. Oyin inú ìgò, pàápàá èyí tó wá láti òkè òkun, lè gbé àrùn kan tí wọ́n ń pè ní American foulbrood. Àrùn yìí kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò oyin bá lá oyin yẹn, tó gbé e lọ sílé, àwọn ọmọ inú afárá á kú. Ó le débi pé òfin ní kí ẹni tó bá fura sí i fi tó ìjọba létí, dídáná sun ni wọ́n sì ń dáná sun agbo kòkòrò oyin tó bá mú. Nítorí náà, ẹni tó gbé àwo oyin síta fún Ọ̀ṣun, tó ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú àgbàlá, lè máa pa ìránṣẹ́ Òrìṣà Oko nígbà tó rò pé òun ń ṣe oore. Inú ilé ni kí ẹ ti fi oyin rúbọ, tàbí kí ẹ bo àwo náà dáadáa. Kí ẹ fọ ìgò rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Bí ẹ bá fẹ́ fún kòkòrò oyin ní oúnjẹ, ẹ gbin òdòdó fún un: láfẹ́ńdà, thyme, borage. Gbogbo wọn ń hù nínú ìkòkò lórí òkúta àgbàlá, oòrùn wákàtí mélòó kan lóòjọ́ á sì tó wọn.

Ewé wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà, ibẹ̀ náà sì ni ayọ̀ wà. Ní Manchester, òtútù tó ń di yìnyín lè pẹ́ dé àárín oṣù Karùn-ún, ó sì lè padà ní oṣù Kẹwàá. Láàrin méjèèjì ni oko ń bẹ. Tẹ̀tẹ̀ ló rọrùn jù. Kí ẹ fọ́n irúgbìn rẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún, ẹ ó sì máa já a títí di oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí kò rí irúgbìn láti Nàìjíríà kó má ṣe dààmú. Àwọn ará Jàmáíkà tó tẹ̀dó sí Moss Side àti Hulme lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ń pè é ní callaloo, wọ́n sì ti ń gbìn ín nínú ilẹ̀ yìí tipẹ́. Àwọn ará Bangladesh ní irú rẹ̀ tó pupa, ẹ ó rí irúgbìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ni: ewé ìtura tí baba ńlá wa fi ń wẹ orí ń hù lẹ́yìn ilé aládùúgbò tí kò mọ̀ pé òrìṣà wà.

Rinrin kéré, ó rọ̀, ó sì fẹ́ràn òjìji àti ọ̀rinrin. Kò lè fara da òtútù, ṣùgbọ́n inú ilé gíláàsì tó móoru, koríko tí àwọn olùtọ́jú ọ̀gbà ń fà tu ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó bá ti rí ẹyọ kan ti rí púpọ̀, nítorí irúgbìn rẹ̀ ń fọ́n ara rẹ̀ sínú gbogbo ìkòkò tó wà nítòsí. Ọ̀dúndún gba ìṣọ́ra. Èyí tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì tó ní òdòdó pupa tàbí ìyeyè jẹ́ ìbátan rẹ̀, kì í ṣe òun gan-an. Àbámodá wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ewé inú ilé, ó sì rọrùn débi pé ewé rẹ̀ kan ṣoṣo tó bá já bọ́ sórí ilẹ̀ á bí ọmọ ní etí ara rẹ̀. Ẹfínrín á hù lójú fèrèsé ìdáná, á sì kú ní ìgbà òtútù bí kò bá rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ máa gbin òmíràn ní ọdọọdún. Ewúro ń hù láti ara igi rẹ̀ tí wọ́n gé, bí ẹ bá rí èyí tí kò tíì gbẹ, ṣùgbọ́n inú ilé ló gbọ́dọ̀ sùn láti oṣù Kẹwàá.

Pèrègún ni ìyàlẹ́nu tó dára jù. Igi tó ń ṣọ́ ojúbọ, tí wọ́n fi ń pa ààlà ilẹ̀, tó dúró ti Ògún, wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọ̀gbà ní Ìlú Ọba gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́ inú ọ́fíìsì. Dracaena fragrans ni orúkọ tí wọ́n kọ sára ìkòkò rẹ̀. Èyí tí wọ́n sábà ń tà ní ìlà ìyeyè láàrin ewé, ṣùgbọ́n èyí tí ewé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé pátápátá náà wà. Kò fẹ́ kí yàrá tutù ju bí ìwọ̀n 13 lọ, kò sì fẹ́ omi púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjá ìkokò, tàbí ìbátan rẹ̀ tí àwọn ará Brazil ń pè ní idà Ògún: ó ń gbé inú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ewé mìíràn kò lè gbé. Méjì nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ilé ti yàtọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ra garawa ìpàtẹ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ igbó. Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ilé oko máa ń fẹ́ kí gbogbo igun mọ́ tónítóní. Yorùbá kò rí ayé bẹ́ẹ̀. Ilé wà, oko wà, igbó sì wà lẹ́yìn oko, níbi tí Ọ̀sanyìn àti àwọn ọdẹ ti ń rìn. Nígbà tí wọ́n dá Ilé Àṣẹ Opó Afonjá sílẹ̀ ní Salvador ní Brazil ní 1910, wọn kò kọ́ ilé òrìṣà nìkan. Ilẹ̀ wọn ní apá tí ilé wà àti apá tí wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó, torí wọ́n mọ̀ pé òrìṣà kò lè gbé ibi tí ewé kò sí. Ní Òṣogbo náà, igbó Ọ̀ṣun ni UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2005. Ère tí Susanne Wenger, Adébísí Àkànjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ síbẹ̀ lókìkí, ṣùgbọ́n igi ló kọ́kọ́ wà. Àwọn ère yẹn pa ẹnu àwọn tó fẹ́ gé igi àti àwọn tó ń dẹ igbó mọ́.

Àgbàlá tó gùn ní ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè di igbó. Ṣùgbọ́n ó lè ní igun kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn: igi jíjẹrà díẹ̀, òkúta díẹ̀, koríko tó hù fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò á wá, ẹyẹ á tẹ̀ lé wọn. Èsìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á hù níbẹ̀, ìdílé kan náà ni òun àti èsìsì tó ń ta ènìyàn nílẹ̀ wa, ẹni tó bá sì gbàgbé á rántí lójú ẹsẹ̀ tó bá fọwọ́ kàn án. Ṣé a lè wá fi ewé ilẹ̀ yìí rọ́pò ewé ilé? Àwọn tó lọ sí Cuba àti Brazil ṣe é. Wọ́n wá ewé tó jọ ọ́ ní ìrísí, ní òórùn àti ní ìwà, wọ́n sì bi òrìṣà kí wọ́n tó lò ó. Ó gbà wọ́n ní ìran púpọ̀. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ojú wò lọ́jọ́ kan. Ewé foxglove wà ní ọ̀gbà púpọ̀ ní Manchester, ó rọ̀, ó nírun díẹ̀, ó sì dára lójú. Májèlé ọkàn ni. Ewé monkshood náà ń pani, kódà fífọwọ́ gún un lè ṣe ènìyàn ní ibi. Ẹni tó bá ja ewé tí kò mọ̀ sínú omi ìwẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn kì í ṣe iṣẹ́ Ọ̀sanyìn. Bí ẹ kò bá mọ ewé kan dájú, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Omi tútù, ẹfun àti àdúrà tó dáa ti tó títí ewé á fi dé.

Ẹni tí àgbàlá kò tó lè wá ilẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù. Òfin ọdún 1908 ló ní kí àwọn káńsù máa wá ilẹ̀ tí àwọn ará ìlú á máa fi dáko, ìyẹn allotment, wọ́n sì máa ń pín in ní nǹkan bí mítà 250 níbùú lóròó, tàbí ìdajì rẹ̀. Ẹ tètè fi orúkọ sílẹ̀, torí ìlà náà gùn. Òfin ọdún 1950 fàyè gba kí ènìyàn tọ́jú abo adìyẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fàyè gba àkùkọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, gbogbo ẹni tó bá ní adìyẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nítorí àrùn ẹyẹ. Wọ́n sì kà á léèwọ̀ láti fún adìyẹ ní àjẹkù ìdáná àyàfi ti ilé tí wọn kì í ti lo ohunkóhun tó wá lára ẹran. Bí ilẹ̀ bá wà níbi tí ilé-iṣẹ́ wà látijọ́, òjé lè wà nínú erùpẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi pákó ṣe àpótí, kí ẹ sì kó erùpẹ̀ tuntun sínú rẹ̀ fún ewé tí ẹ ó jẹ.

Iná ìta náà ní òfin rẹ̀. Manchester wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ fòfin de èéfín, láti 1952, ọdún mẹ́rin ṣáájú òfin gbogbogbòò ti 1956. Ẹni tó bá fẹ́ to òkúta ààrò mẹ́ta sí àgbàlá kó fi èédú dáná níwọ̀nba, kó má ṣe fi igi tútù fín aládùúgbò bí ẹja. Ààrò náà lẹ́wà bí iná kò tilẹ̀ sí lábẹ́ rẹ̀. Ìkòkò dúdú kan lórí rẹ̀, kò sí ìwé ọ̀ṣọ́ ilé tó lè fi ohun tó dára ju ìyẹn hàn.

Ní inú ilé, ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ilé bíríkì àtijọ́ kò ní àlàfo láàrin ògiri bí ti òde òní. Omi máa ń wọ̀ ọ́, ó sì ní láti rí ọ̀nà jáde. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà ike bo ó, ọ̀rinrin á há sínú, ògiri á sì máa wú, á máa bó. Ọ̀dà ẹfun ilé, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní limewash, jẹ́ kí ògiri mí. Kì í ṣe ẹfun òrìṣà o, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀, ó sì ń jó ojú àti awọ ara, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ kì í dán bíi ti ọ̀dà tuntun. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó jọ ògiri ilé Ọbàtálá. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, wọ́n sì ń tún un kùn nígbà ọdún. Ẹ gba ìyẹn lò: ògiri ojúbọ kì í ṣe ohun tí a kùn lẹ́ẹ̀kan, tí a gbàgbé. Ọdún ń dé, ọwọ́ ń padà sí i.

Aṣọ ojú fèrèsé ní ìtàn tó kan ìlú yìí gan-an. Aṣọ òwú funfun tí ẹ̀rọ ń hun ní Manchester àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí Èkó, tó sì dé Abẹ́òkúta. Àwọn ìyá aláró gbà á, wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí i, wọ́n rì í sínú aró, ó di adìrẹ. Manchester rí aṣọ funfun. Abẹ́òkúta rí ojú ayé lára rẹ̀. Oníṣòwò kan ní Manchester, Charles Beving, kó aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà jọ kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀ tà padà. Ní 1934 ni ìdílé rẹ̀ fún British Museum ní aṣọ náà. Ẹni tó bá fi adìrẹ gidi ṣe kọ́tìnì ní Longsight ti dá aṣọ padà sílé lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn. Ìyá Màpó, tó ni iṣẹ́ aró àti iṣẹ́ ìkòkò, kò ní bínú sí i. Ẹ ra ti ọwọ́ aláró, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán sí, bí owó bá ká a.

Ó wá ku ohun tó le jù. Nínú ilé tó ní ìrísí oko, àwọn ènìyàn máa ń to nǹkan sórí pákó: agbọ̀n, ìgò àtijọ́, ère. Olórìṣà ní ère púpọ̀. Èwo ni ọ̀ṣọ́, èwo ni òrìṣà? Igbá tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù ní Cheetham Hill kò tíì di nǹkan kan. Ẹ fi kó ọsàn, kò sí ẹjọ́. Odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ tí wọ́n sì gbé ọpọ́n Ṣàngó lé lórí kì í ṣe ìjókòó àlejò mọ́. Yangí Èṣù lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe òkúta ọ̀gbà, adín kò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Epo pupa díẹ̀ ti tó fún un, kí ẹ sì kó oúnjẹ kúrò nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nítorí eku inú ginnel kò mọ ìtumọ̀ ètùtù.

Ère ìbejì ló ń dun àwọn àgbà jù. Wọ́n wà ní ọjà ohun àtijọ́ ní Ìlú Ọba, wọ́n sì ń tà wọ́n fún ẹni tó fẹ́ kí pákó òun ní ohun àjèjì kan lórí. Ojú àwọn kan ti dán pátápátá. Ọwọ́ ìyá ló họ ojú yẹn, bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń fi osùn pa á lára, nítorí ọmọ tó kú. Ẹni tó bá ti ra irú rẹ̀ kó má ṣe gbé e sáàrin òdòdó gbígbẹ. Kó gbé e sí ibi tó mọ́, kó wẹ̀ ẹ́, kó fún un ní ẹ̀wà àti oyin díẹ̀, kó sì lọ béèrè lọ́dọ̀ babaláwo tàbí ìyálórìṣà ohun tó kù láti ṣe. Ẹni tí kò tíì rà á kó rà tuntun lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà láàyè, kí owó ṣọ́ọ̀bù lè di owó oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Kétu.

Bí ilé bá jẹ́ ti onílé, tó ṣeé ṣe kí ẹ kó jáde lọ́dún méjì, ẹ má ṣe rì ohunkóhun mọ́ ilẹ̀ tí ẹ kò ní lè hú. Ìkòkò, àpótí, pákó tó dá dúró, ni kí ẹ lò. Àgbẹ̀ tó ń lo ilẹ̀ ẹlòmíràn mọ èyí.

Nígbà tí oṣù Kẹwàá bá ń parí, iṣẹ́ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Omi tó bá di yìnyín máa ń wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, amọ̀ sísun kò sì ní ibi tó máa wú sí, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò Yemọja tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ṣe ń là sí méjì lóru ọjọ́ kan. Ẹ da omi ìta nù nídìí ewé, ẹ nu inú ìkòkò gbẹ, kí ẹ gbé e wọlé kí pèrègún tó wọlé, nítorí pèrègún ni yóò gba ojú fèrèsé.